Lẹ́tà sí Àkànní

Àkànní, ọmọ mi,

Mo ka ohun tí o kọ ránṣẹ́ lálẹ́ àná, pé o fẹ́ fi yunifásítì sílẹ̀ ní ọdún kẹta, torí pé ẹ ò ní lo ohun tí wọ́n ń kọ́ yín lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò bá ọ jiyàn. Ọdún 21 ni mo fi gba èèyàn síṣẹ́, n kò sì fi bẹ́ẹ̀ bi ẹnikẹ́ni ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì.

Gbọ́ ohun tí mò ń wò. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ 400 lè wà lórí tábìlì mi fún àyè 3. Ta ni ọ̀lẹ nínú wọn? Ta ló ń tètè dé? Èèyàn ò ṣeé fojú mọ̀. Ìwé ẹ̀rí ni mo máa ń gbá mú. Ẹni tó jáde pẹ̀lú second class upper, mo gbà pé ó fara da àìsùn, ìyanṣẹ́lódì àti olùkọ́ tó le, ó sì parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Michael Spence, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé lọ́dún 2001, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1973: ìwé ẹ̀rí lè má fi nǹkan kan kún ọgbọ́n ẹni, síbẹ̀ àmì ni, bó bá ṣáà ti nira fún ẹni tí iṣẹ́ ò yá lọ́wọ́ rẹ̀ láti gbà á ju ẹni tí iṣẹ́ yá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ìwé ẹ̀rí ayédèrú fi ń bí mi nínú. Bí ẹni tí kò jìyà bá ti lè rà á, tẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ fún un di bébà lásán.

Àmì náà máa ń ṣini lọ́nà o. Mo ti lẹ́tà ọmọkùnrin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rí torí third class, n kò kà á dé ìdajì. Kò pé ọdún mẹ́ta tí àwọn oníbàárà wa fi ń wá a lọ síbi tí wọ́n gbà á sí. Ó ṣì ń dùn mí dòní. Iṣẹ́ ìjọba náà ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ipele 8 ni oní-BSc ti ń bẹ̀rẹ̀, oní-HND ní ipele 7, kí ẹnikẹ́ni tó rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì. Kò tọ́ lójú mi, àmọ́ bí ẹnu ọ̀nà ṣe rí nìyẹn.

Torí náà, mo bẹ̀ ọ́, parí ọdún kan àtààbọ̀ tó kù. Má pa fóònù tí ò ń tún ṣe tì. Máa ya fọ́tò iṣẹ́ rẹ, máa kọ orúkọ oníbàárà sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbà ọ́ wọlé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni wọ́n á máa wò, wọn ò ní rántí kíláàsì tó wà lórí ìwé ẹ̀rí rẹ mọ́.

Owó ilé ẹ̀kọ́ sáà yìí ti wọ àkáǹtì rẹ láàárọ̀ yìí. Ìyá rẹ ní kí o wá gbé gààrí rẹ ní Sátidé.

Èmi ni bàbá rẹ.