Lẹ́tà sí Àkànní Kí Òun àti Ìyàwó Rẹ̀ Tó Lọ sí New Orleans

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.

Àkànní ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìwọ àti Bísí. A dúpẹ́, ara gbogbo wa le níbí. Inú mi dùn nígbà tí o sọ pé ẹ fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́rin ní New Orleans nínú oṣù kọkànlá, ẹ̀yin méjèèjì péré. Ọdún keje tí ẹ ti fẹ́ra nìyí, n kò sì tíì gbọ́ pé ẹ jókòó sinmi pọ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo ka ètò ìrìn àjò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ibi mẹ́tàdínlógún lo kọ síbẹ̀, o sì fi aago sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìyẹn ló mú mi jókòó ti ìwé àti bírò.

O rántí pé èmi àti ìyá rẹ dé ìlú yẹn nígbà tí a wá kí yín ní Houston. Ohun tí a kò sọ fún yín ni pé mo sọ ìyá rẹ nù níbẹ̀.

O mọ bí mo ṣe ń rìn. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, iwájú ni mo máa ń wà. Bí a bá ń lọ sí Àkẹ̀sán, èmi á ti wọ àárín ọjà, òun á ṣì wà lẹ́yìn, á máa kí ìyá aláta, á máa béèrè àlàáfíà ọmọ lọ́wọ́ oníwàrà. L'Ọ̀yọ́ níbí, kò séwu, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ní New Orleans, mo gbé ìwé atọ́nà dání, mo fẹ́ rí gbogbo ohun tí mo ti kà nípa rẹ̀: ìlú tí àwọn Faransé tẹ̀ dó ní 1718, tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Sípéènì, tí Amẹ́ríkà wá rà mọ́ gbogbo Louisiana ní 1803. Mò ń wo àwọn ilé tí wọ́n fi irin ọlọ́nà ṣe bákónì wọn. Mo yíjú láti fi ọ̀kan hàn án, n kò rí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi. Fóònù rẹ̀ sì wà lápò mi.

Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi wá a. Mo lọ, mo bọ̀ ní Bourbon Street láàárín ariwo àwọn tó ń mutí, àyà mi ń já. Àkànní ọmọ mi, n kò fẹ́ irú ẹ̀ fún ọ láéláé. Ìlù ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ọjọ́ Àìkú ni. Mo sọdá Rampart Street, mo wọ inú páàkì tí wọ́n fi orúkọ Louis Armstrong sọ, mo rí àwọn ènìyàn tí wọ́n pagbo lábẹ́ àwọn igi ńlá, wọ́n ń lu ìlù. Ìyá rẹ wà láàárín wọn. Ọmọdékùnrin kan ti gbé àga fún un, ó ti bọ́ bàtà, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tẹ̀lé ìlù. Ọmọ Àyàn ni, o kúkú mọ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun sọnù. Ó ní, "Bàbá Àkànní, ẹ wá jókòó, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ yìí ń lù."

Congo Square ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Láyé ìgbà tí wọ́n ń kó wa lẹ́rú, ọjọ́ Àìkú ni àwọn ẹrú ìlú náà máa ń ráyè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé, wọ́n á lùlù, wọ́n á jó, wọ́n á tajà. Ní 1817, ìjọba ìlú ṣòfin pé wọn kò gbọ́dọ̀ péjọ ṣe é níbòmíràn mọ́. Kì í ṣe àwọn tiwa nìkan o. Àwọn ará Senegal wà níbẹ̀, àwọn ará Congo, àti àwọn tó gba etíkun tiwa lọ. Ní 1809 ẹgbẹẹgbẹ̀rún tún dé láti Haiti, tí wọ́n gba Cuba wọlé, bẹ́ẹ̀ Nàgó, ìyẹn àwọn Yorùbá, pọ̀ ní Haiti. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń ya máàpù òwò ẹrú sára bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Mo máa ń sọ fún wọn pé Ọ̀yọ́ pàápàá ta ènìyàn gba Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, lọ sókun. N ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ọfà láti Àjàṣẹ́, n ó sì dáwọ́ dúró ní etí bọ́ọ̀dù. Ọ̀kan nínú ibi tí ọfà yẹn ń lọ ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà. Omi bọ́ lójú mi, ìyá rẹ kò sì bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Oòrùn wọ̀ kí a tó dìde.

Nítorí náà, pa púpọ̀ rẹ́ nínú ètò yẹn. Fi ọjọ́ Àìkú sílẹ̀ fún Congo Square, má fi aago sí i.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin St. Charles. Láti 1835 ni ọkọ̀ ti ń ná ojú ọ̀nà yẹn. Ẹ má wọ̀ ọ́ torí ibì kan tí ẹ fẹ́ dé. Ẹ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ẹ dé ìparí ọ̀nà, kí ẹ sì padà. Ẹ ó rí àwọn ilé tóóró kan ní àdúgbò mìíràn, yàrá tẹ̀lé yàrá, kò sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láàárín. Shotgun ni wọ́n ń pè wọ́n. Onímọ̀ kan, John Vlach, tọpa irú ilé bẹ́ẹ̀ dé Haiti, láti ibẹ̀ ó tọ̀ ọ́ dé ilé àwọn Yorùbá. Iṣẹ́ ilé yíyà ni Bísí ń ṣe, jẹ́ kó fara balẹ̀ wò ó, má dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí o máa wo aago.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ gumbo. Ilá sábà máa ń wà nínú ẹ̀, láti inú orúkọ tí àwọn ará Congo àti Àǹgólà ń pe ilá ni orúkọ ọbẹ̀ náà sì ti wá. Ẹ béèrè calas pẹ̀lú, àkàrà ìrẹsì tí àwọn obìnrin wa máa ń kiri nígboro láyé àtijọ́. Lálẹ́, ẹ gbọ́ jazz ní Preservation Hall, ilé kékeré tó ti wà láti 1961. Bourbon Street kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí owó yín wà lápò iwájú.

Bí àgbàlagbà kan bá sì fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, ẹ dúró. Ìyá kan fi ọwọ́ han ìyá rẹ ibi tí omi dé lára ògiri ilé rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2005, nígbà ìjì Katrina, tí omi bo nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà. Ọwọ́ rẹ̀ ga ju orí mi lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé atọ́nà mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Nígbà tí ẹ wálé ní Kérésì, mò ń wò yín láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. O ti wọ mọ́tò, o ti ń fọn fèrè, Bísí ṣì ń ti ilẹ̀kùn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ ẹni tí o ti kọ́ ọ lára rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, ẹsẹ̀ Bísí ni kí o fi rìn ní ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Ibi tó bá dúró sí, dúró síbẹ̀.

Èmi àti ìyá rẹ jọ ń lọ sí Àkẹ̀sán ni báyìí. Ó máa ń pẹ́ kí a tó dé ìdí ata, mo ti wá mọ orúkọ gbogbo ọmọ oníwàrà.

Ìyá rẹ ṣèlérí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tó gbé àga fún un. Ó ti ra igbá, ó sì ti sín ìlẹ̀kẹ̀ sí i fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ ní Houston lóṣù tó ń bọ̀ yóò mú un wá fún yín. Bí ẹ kò bá rí ọmọ náà, ẹ gbé e fún ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bá nínú agbo náà, kí ẹ sì ní láti Ọ̀yọ́ ni.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.