Má Tíì Da Òdòdó Rẹ Nù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí o kọ ránṣẹ́ lánàá, pé gbogbo òdòdó ọ́kíìdì rẹ ti já bọ́ tán, ọ̀pá lásán ló kù, o sì fẹ́ gbé e dànù. Jọ̀ọ́, dúró ná. Ewé rẹ̀ ńkọ́? Bí ewé bá ṣì wà lára rẹ̀, tó tutù, kò tíì kú. Oṣù méjì sí mẹ́ta ni òdòdó Phalaenopsis, irú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, máa ń lò kó tó rẹ̀. Tirẹ náà ti lo ìgbà tirẹ̀.

Òdòdó tó já kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, omi ni. O ní àràárọ̀ lo ń bomi rin ín. Tèmi lo jọ! Èyí tí mo kọ́kọ́ ní, omi ni mo fi pa á. Kí n tó bọ́jú láàárọ̀, mo ti bu ife omi kan fún un. Nígbà tí ewé rẹ̀ ń rọ, tó ń hunjọ, mo rò pé òùngbẹ ni, mo sọ ọ́ di ife méjì. Ọjọ́ tí mo yọ ọ́ nínú ìkòkò, gbòǹgbò rẹ̀ ti rà, ó ń rùn. Gbòǹgbò tó bá ti rà kò lè fa omi mọ́, òùngbẹ náà ló sì padà pa á, nínú gbogbo omi yẹn.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ewéko yìí kì í gbé inú ilẹ̀. Nínú igbó Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà, orí ẹ̀ka igi ló ń jókòó sí. Má pè é ní àfòmọ́ o. Àfòmọ́ a máa fa oje igi tó bá gùn. Ọ́kíìdì kàn fi gbòǹgbò di igi mú ni, kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Òjò á rọ̀ sí i lára, omi á ṣàn lọ, atẹ́gùn á sì fẹ́ ẹ gbẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi èèpo igi wẹ́wẹ́ gbìn ín, tí a kì í fi erùpẹ̀ dí i lẹ́mìí.

Gbòǹgbò rẹ̀ ní ẹ̀wù kan lára tó ń mu omi bíi kànìnkànìn. Bó bá gbẹ, á funfun bí eérú; bó bá rin, á di àwọ̀ ewé. Torí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn ìkòkò ike tó mọ́ gaara, kí n lè máa rí inú rẹ̀. Bí o bá rí àwọ̀ ewé, fi í sílẹ̀. Bó bá ti funfun, tí ìkòkò sì fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ, da omi sí i dáadáa títí yóò fi máa jò jáde nísàlẹ̀, jẹ́ kó ro tán, kí o tó gbé e padà sínú àwo. Èyí lè tó ọjọ́ 7 sí 10, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òtútù. Gbòǹgbò ni kí o wò, má wo kàlẹ́ńdà. Àwọn kan ń fi yìnyín bomi rin tiwọn. Èmi ò lè ṣe é. Ewéko igbó ooru, kí ló fẹ́ fi yìnyín ṣe?

Ṣọ́ àárín ewé náà. Ojú kan ṣoṣo ni ewé tuntun ti ń yọ, bí omi bá sì dúró síbẹ̀ tó jẹrà, ó ṣòro kó tó dìde mọ́. Bí omi bá ta sí i, fi òwú gbà á.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn ló dára jù. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa jó ewé. Bí ewé bá dúdú jù, ìmọ́lẹ̀ kò tó. Bó bá ń pọ́n, ó ti pọ̀ jù. Má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èso tó ń pọ́n, nítorí gáàsì ethylene tó ń jáde lára èso a máa já òdòdó sílẹ̀.

Ọ̀pá yẹn ńkọ́? Ká ní ara igi náà le ni, tí ọ̀pá rẹ̀ sì tutù, mi ò bá ní kí o gé e lókè oríkèé kejì tàbí ìkẹta, bóyá yóò yọ ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú omi tí o ti dà sí i, gé e nísàlẹ̀, kó lè fi agbára rẹ̀ tún gbòǹgbò ṣe. Òru tó tutù ju ọ̀sán lọ, bíi dígírì 16 sí 18 fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ni yóò mú ọ̀pá mìíràn jáde. Bí o bá rí ohun kan tó ń yọ lábẹ́ ewé, tí ṣóńṣó rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ìbọ̀wọ́ ọmọ ọwọ́, òun nìyẹn. Gbòǹgbò ní tiẹ̀, orí rẹ̀ roboto ni. Ajílẹ̀ kò tíì kàn báyìí.

Lálẹ́ yìí, yọ ọ́ nínú ìkòkò. Fi iná jó ẹnu ọ̀bẹ, jẹ́ kó tutù, kí o fi gé gbòǹgbò tó bá rọ̀. Èyí tó le, má fọwọ́ kàn án, títí kan àwọn tó ń yọ síta sínú atẹ́gùn. Fi èèpo igi tuntun gbìn ín. Ka iye èyí tó le tó kù, kí o sì pè mí. Bó bá tiẹ̀ ku mẹ́ta péré, a ṣì ní nǹkan tí a lè ṣe sí i.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.