Irun kan ṣoṣo ló rì kámẹ́rà mi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí tó àwọn tó ṣì ní Nikonos àtijọ́, kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya fọ́tò lábẹ́ omi, létí. Ọdún 1963 ni Nikon kọ́kọ́ gbé e jáde, látara kámẹ́rà Calypso tí Jacques Cousteau, olùwádìí abẹ́ òkun, àti Jean de Wouters, ẹnjiníà, ṣe. Kò nílò àpótí kankan kó tó wọ omi. Àwọn òrùka rọ́bà tó wà lára rẹ̀ ló ń dá omi dúró.

Rọ́bà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ mi. Irun kan ṣoṣo há sábẹ́ tèmi lọ́jọ́ kan. Kí n tó gòkè, omi òkun ti kún inú rẹ̀, gbogbo fíìmù ti bàjẹ́. Ó dùn mí wọra.

Látìgbà náà, ìka ni mo fi ń yọ rọ́bà náà, n kì í fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó kàn án. Màá nù ún, màá yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìmọ́lẹ̀, màá wá fi gírísì sílíkóònù pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kó kàn máa dán. Bí gírísì bá pọ̀ jù, iyanrìn ló ń fà mọ́ra. Bí ẹ bá sì ti inú òkun jáde, ẹ kọ́kọ́ rẹ kámẹ́rà náà sínú omi tí kò níyọ̀, kí ẹ tó ṣí i.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín