Ọdún 2006 Ni Wọ́n Kà Wá Gbẹ̀yìn

Olóòtú,

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kó nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wá sí abúlé wa ní Òkè-Ògùn níbí. Kò tíì kárí ìdajì agboolé tó fi tán. Àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ tó ti wà lóòrùn láti àárọ̀ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọ̀gá tó kó o wá ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní iye èèyàn tó wà lákọọ́lẹ̀ nìyẹn. Àkọọ́lẹ̀ wo? Ti ìkànìyàn 2006 tí wọ́n fi àfojúbù lé lórí ni!

Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti ń dìbò, òmíràn ti bímọ. Ìkànìyàn tí wọ́n fẹ́ ṣe ní oṣù karùn-ún 2023 ńkọ́? Wọ́n ti pín ilẹ̀ sí ẹkùn-ẹkùn, wọ́n ti gba òṣìṣẹ́, wọ́n ti náwó, kí wọ́n tó ní ó di ọjọ́ mìíràn. Àwọn ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ kàn kò mọ̀ ju ìpàdé lórí ìpàdé lọ.

Iye èèyàn ni wọ́n sì fi ń pín ìdá 30 nínú 100 owó tó ń kan àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Èkó tó lówó, tó ní lọ́yà, pariwo lẹ́yìn ìkànìyàn 2006 pé òun lé ní mílíọ̀nù 17, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti díẹ̀ ni wọ́n kọ fún un. Ta wá ni yóò gbọ́ tàwa ará oko?

Ká má parọ́, àwọn ọmọ wa kan wálé láti Ìbàdàn kí wọ́n lè kà wọ́n mọ́ wa lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n wò ó lónìí: àwọn ọ̀dọ́ ti wà lórí ọ̀kadà nígboro, ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ ló kù sílé. Lébìrà tó ń ti orílẹ̀-èdè Benin wá kọ ebè ńkọ́? Àwọn Fúlàní tó wà lẹ́yìn odò ńkọ́? Omi kan náà la jọ ń pọn. 2006 ni wọ́n kà wá gbẹ̀yìn!

Wọ́n tún máa ń ní tálákà ni wá. Ta ló bi wá? Ìyá kan ládùúgbò mi ń ṣe èlùbọ́. Nígbà ọyẹ́, ó ń tà á ní àpò-àpò. Tí òjò bá dé, èlùbọ́ ń bu, gbèsè ló kù. Èló ni kó pe owó oṣù rẹ̀? Owó oṣù tó kéré jù, 70,000 náírà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024, tíṣà àti òṣìṣẹ́ káńsù ló mọ adùn rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí káńsù fún baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ńlá kan, kí agboolé kọ̀ọ̀kan yan ẹni tó mọ̀wé kọ. Ọmọ tí wọ́n bí, ẹni tó kú, ìyàwó tó wọlé, ẹni tó lọ Èkó, lébìrà tó dé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Níparí oṣù, kí nọ́ọ̀sì gbé ìwé àwọn ọmọ tó gún lábẹ́rẹ́ wá, kí ọ̀gá ilé-ìwé gbé rẹ́jísítà wá, kí wọ́n fi wéra lójú baálẹ̀, kó tẹ̀ka sí i, kí ẹ̀dà kan lọ sí káńsù. Ẹni tó bá kọ orúkọ òkú mọ́ alààyè, kí wọ́n gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi yóò kọ ti agboolé wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti Abuja, ọjọ́ ìkànìyàn la fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ìpàdé.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì,
Òkè-Ògùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́