Ẹ má torí orin lé ọmọ ọlọ́mọ jáde

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, pé kí àwa tá a nílé ní àdúgbò Under G àti Adéníkẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí lé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń gbọ́ "orin èṣù" jáde, ló mú mi gbé bírò. Ìyá onílé ni mí. Díákónì ni mí pẹ̀lú, láti ìgbà ọmọge ni mo sì ti ń kọ ohùn áàtò nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi wa.

Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lé tèmi. Ọmọ Ṣakí kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló wà ní yàrá tó kángun sí kànga. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná dé, mo gbọ́ ohun kan tó ń bú ramúramù, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Mo kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà. "Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń pa níbẹ̀?" Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, orin ni." Mo ní kó kó ẹrù ẹ̀ kóṣù tó parí. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kóun sọ ìtàn inú ẹ̀ fún mi ná.

Àwo náà ń jẹ́ Still Life. Opeth, ẹgbẹ́ olórin kan ní Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden, ló gbé e jáde lọ́dún 1999. Death metal ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Orin méje ló wà níbẹ̀, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan, ìtàn kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn ń sọ. Wọ́n lé ọkùnrin kan nílùú nítorí pé kò gba ohun tí gbogbo ìlú gbà gbọ́. Lẹ́yìn ọdún 15, ó padà wá nítorí Melinda, olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ó bá a tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ẹ̀sìn, bíi ti àwọn sísítà Àgùdà, ṣùgbọ́n obìnrin náà jẹ́wọ́ pé ọkàn òun ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ìlú pa obìnrin náà. Orí ọkùnrin yìí dàrú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pààyàn, títí wọ́n fi mú un, tí wọ́n yẹgi fún un.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà. Bàbá tó bí bàbá mi ni mo rántí. Agbo ilé eléégún ni wọ́n bí i sí. Láti ọdún 1855 ni Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, ti mú ìyìn rere dé Ògbómọ̀ṣọ́, síbẹ̀ nígbà tí bàbá yìí ṣèrìbọmi, tó lóun ò gbé eégún mọ́, ilé ò gbà á. Oko ló ń sùn. Ọmọge tí wọ́n ti ń tọrọ fún un, wọ́n fa á fún ẹlòmíì. Ọdọọdún la máa ń sọ ìtàn yìí níbi ìdúpẹ́ ẹbí, tá a máa ń sunkún. Èmi ọmọ ọmọ ẹni tí wọ́n lé ni mo wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń ní kí ọmọ ọlọ́mọ kó ẹrù.

Ní ti ohùn inú àwo náà, ẹnì kan náà, Mikael Åkerfeldt, akọrin Opeth, ló ń bú, òun náà ló tún ń rọra kọrin. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ ló yẹ kó máa sá fún ohùn líle. Ta ló ń retí kí eégún dún bíi sòpúránò? Ṣé ohùn Ògúndáre Fọ́yánmu, onííjálá tiwa, rọ̀ bí ẹ̀kọ ni? Orin àkọ́kọ́ lé ní ìṣẹ́jú 11, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ àwo Háárúnà Ìṣọ̀lá rí kò ní ka ìyẹn sí. Ìlù wọn ló dà mí láàmú: o ò tíì fi ẹsẹ̀ mú un tán, ó ti yí. Orin karùn-ún, tí Melinda gan-an wà nínú ẹ̀, kò sí bíbú kankan níbẹ̀. Ìlù ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń gbálẹ̀ ní ìdájí. Mo ní kó tún un fi sí i.

Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló dùn mọ́ mi o. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn fọ́ mi lórí, ó sì dùn mí bí wọ́n ṣe sọ ẹlẹ́sìn di apààyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ lẹ́tà pé ká léèyàn jáde kò ran èmi ẹlẹ́sìn lọ́wọ́ láti jiyàn ọ̀hún. Ilé ọtí kan sì wà lójú títì tiwa níbí tó ń lu orin di aago méjì òru; mi ò tíì rí lẹ́tà ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Àdéhùn èmi àti ọmọ náà ni pé kò gbọdọ̀ gbé e sókè tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ Ìsinmi àfi tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Oṣù kẹsàn-án ni owó ilé rẹ̀ máa pé. Mo ti sọ fún un kó má wulẹ̀ wá yàrá kiri.

Èmi ni,
Ìyá onílé kan ní Adéníkẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́