Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Dublin

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù o. Ara mi le, orúnkún tó ń dùn mí náà ti fúyẹ́, má ṣe dààmú nítorí rẹ̀.

O bi mí bóyá kí Tèmi àti Ìyanu wo fíìmù àwòrán tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ wò nígbà ìsinmi Halloween, torí àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ń sọ pé iwin àti àjẹ́ ló kún inú rẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mi ò rí, ni mo bá ní kí Dàpọ̀ bá mi wá a, a sì wò ó tán. Jẹ́ kí wọ́n wò ó. Kí ìwọ náà jókòó tì wọ́n látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Song of the Sea ni wọ́n ń pè é. Àwọn ayàwòrán Kilkenny, lórílẹ̀-èdè tó o wà níbẹ̀ yẹn, ló ṣe é, ó jáde ní ọdún 2014. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ben àti Saoirse àbúrò rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ bàbá wọn nínú ilé gogoro tó ń tanná fún ọkọ̀ ojú omi. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí Saoirse ni ìyá wọn wọ inú òkun lọ. Selkie ni obìnrin náà: tó bá wà lómi, ẹran omi tí wọ́n ń pè ní seal ni, tó bá bọ́ awọ sílẹ̀, ó di ènìyàn. Ọmọbìnrin náà, tí òun náà jẹ́ selkie bíi ti ìyá rẹ̀, pé ọdún mẹ́fà, kò tíì sọ̀rọ̀ rí. Ìyá àgbà wọn wá kó wọn lọ sí Dublin lọ́jọ́ Halloween, bàbá wọn sì ti awọ ọmọ náà mọ́ inú àpótí, ó jù ú sókun, kí ọmọ má bàa lọ bí ìyá rẹ̀ ṣe lọ. Ni àwọn ọmọ bá sá, wọ́n forí lé ọ̀nà ilé, àwọn iwin olórin kan sì yọjú sí wọn láàrin ìgboro.

Ìwọ náà á ti rántí ìtàn ọdẹ tó rí àgbọ̀nrín tó bọ́ awọ sílẹ̀ tó di arẹwà obìnrin. Ọdẹ gbé awọ pamọ́ sínú àká, ó fi obìnrin náà ṣaya, títí orogún fi kọ ọ́ lórin pé, “Máa jẹ, máa mu, awọ rẹ ń bẹ láká.” Ìtàn yìí ni ìyá mi fi tọ́ ẹ̀yin ọmọ dàgbà, ẹnikẹ́ni nínú yín ò sì di abọ̀rìṣà. Kí ló wá dé tí ti àwọn ará Ireland á fi di iṣẹ́ òkùnkùn?

Àti Halloween fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn níbẹ̀ ló ti ṣẹ̀ kí àwọn tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà tó gbé e dé ọ̀hún, tí wọ́n sì rí elégédé tí wọ́n ń gbẹ́ ojú sí. Samhain ni wọ́n ń pè é, ìparí ìkórè àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù. Àwọn ará àtijọ́ gbà pé lálẹ́ ọjọ́ náà, ará ayé àti ará ọ̀run lè pàdé. Ìjọ Ọlọ́run sì fi ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ṣe àjọ̀dún Àwọn Ènìyàn Mímọ́, wọ́n fi ọjọ́ kejì gbàdúrà fún àwọn òkú. Àsìkò ìrántí àwọn tó ti lọ ni ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Àbẹ̀kẹ́. Ìyẹn gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Àjẹ́ wà nínú fíìmù náà lóòótọ́. Macha ni orúkọ rẹ̀, òwìwí ni ìránṣẹ́ rẹ̀, mo sì mọ bí ọkàn ẹni ṣe máa ń já nílé níbí tí òwìwí bá ké lóru. Ṣùgbọ́n wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ń fa ìbànújẹ́ jáde lára ẹni, ó ń dé e mọ́ inú ìgò, ẹni náà á sì di òkúta. Ọmọ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀: òmìrán kan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tó ń sunkún láìdákẹ́. Ìyá rẹ̀ ò lè wo ẹkún yẹn mọ́, ló bá gba ìbànújẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Òkúta ni ọmọ yẹn dà.

Láti ìgbà tí Bàbá Tèmi ti kú, o ti yọ gbogbo fọ́tò rẹ̀ lára ògiri. O di aṣọ rẹ̀ sínú àpótí, o gbé e sókè àjà. O sọ fún Ìyanu pé Dádì rin ìrìn àjò. Tèmi sunkún níbi ìsìnkú, o ní kó nu ojú, pé òun ni ọkùnrin ilé báyìí. Mo mọ̀ pé o fẹ́ gbé ẹrù náà fún wọn ni. Ṣùgbọ́n Ìyanu bi mí lórí WhatsApp pé ìrìn àjò wo ni wọn kì í fi í pe ènìyàn lórí fóònù. Tèmi kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, òun gan-an ló ń kọ mí lóminú. O ní ó ń kanra mọ́ àbúrò rẹ̀ ṣáá. Wàá rí Ben bó ṣe ń ṣe sí Saoirse, torí ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ yẹn ni ìyá wọn lọ.

Tí ẹ bá ń wò ó, má dá fíìmù dúró láti máa ṣàlàyé ẹ̀mí èṣù. Jẹ́ kí wọ́n bi ọ́. Tí Ìyanu bá ní ṣé inú òkun ni Dádì náà lọ, sọ fún un pé rárá, pé àìsàn ló ṣe é, ó kú, Ìbàdàn níbí la sin ín sí. Lo ọ̀rọ̀ náà gan-an, ó kú. Lópin ìtàn, ìyá àwọn ọmọ náà padà wá, ṣùgbọ́n kò lè dúró. Wọ́n dì mọ́ra wọn, ó dágbére, ó sì bá àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Ẹ máa sunkún níbẹ̀. Ẹ sun ún. Jésù pàápàá sunkún nígbà tí Lásárù kú, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òun máa jí i dìde.

Tí wọ́n bá fẹ́ múra bá àwọn ọmọ àdúgbò lọ tọrọ súìtì, tẹ̀ lé wọn. Mi ò fẹ́ ìbòjú ẹlẹ́jẹ̀ yẹn o, kò bá ọmọdé mu. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, má bá wọn jà. Wọ́n dúró tì ọ́ nígbà ọ̀fọ̀.

Kí ọjọ́ náà tó pé, gbé àpótí yẹn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà. Jẹ́ kí Tèmi mú aṣọ kan tó wù ú níbẹ̀. Tí fíìmù bá parí, ẹ pè mí, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó. Mo fẹ́ sọ fún wọn bí bàbá wọn ṣe ṣi ilé wọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kí wa, tó ti dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ilé kejì kó tó béèrè orúkọ wọn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ