Ẹ yé sùn nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ bá wa kìlọ̀ fáwọn tó ń tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, tí wọ́n wá ń sùn sínú ọkọ̀. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó wà nínú èéfín ẹ́ńjìnì, kò láwọ̀, kò lóòórùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń gbàyè mọ́ ọ́síjìn lọ́wọ́. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn á sì pè é ní ibà.

Láti mọ̀ bóyá sáláńsà, ìyẹn páìpù tí èéfín ń gbà jáde, ń jò, ẹ tan ẹ́ńjìnì, kó tó gbóná, ẹ fi àkísà tó nípọn dí ẹnu sáláńsà díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ẹnìkejì tẹ́tí sí abẹ́ ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá ń dún ṣìì, ó ń jò nìyẹn. Wẹ́dà ni kó bá yín jó o pọ̀. Ọṣẹ tí wọ́n fi ń dí táǹkì kò wúlò níbí rárá. Ẹ tún wo rọ́bà búùtù àti ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti dípẹtà. Bí ẹrù bá mú kí búùtù ṣí sílẹ̀ lórí ìrìn, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa fa èéfín wọlé.

Ẹni tó bá dákú, ẹ gbé e síta, kí ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ọ́síjìn wà. Ẹ má da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà èémí lọ.

Àwa mẹkáníìkì kan,
Ìbàdàn.